Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Òfin Sọ Nípa Ilé, Ilẹ̀ àti Ayálégbé Lẹ́kùn Yewa

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba pàápàá kò láṣẹ láti kó ẹrù ayálégbé síta nígbà tí kóòtù kò tíì sọ̀rọ̀? Ọdún 1986 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀, ẹni tọ́rọ̀ náà sì kàn kì í ṣe ẹni kékeré. Emeka Ojukwu, tó darí Biafra nígbà ogun abẹ́lé, ń gbé ilé kan ní Ìkòyí. Ìjọba ológun Èkó ní kó jáde, ó gba kóòtù lọ. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n fi agbófinró lé e síta. Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà sínú ilé, ni ìjọba bá sáré lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pé kí wọ́n bá àwọn dá àṣẹ náà dúró. Àwọn adájọ́, tí Kayode Eso ọmọ Iléṣà wà lára wọn, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣèdájọ́ nígbà tí ẹjọ́ wà níwájú kóòtù kò lè tún padà wá máa wá ojúure kóòtù.

Mo fi ìtàn yìí ṣíwájú nítorí ohun tí à ń rí ní Ìlaròó àti Ayétòrò. Onílé á yọ ilẹ̀kùn. Òmíràn á gun orí ilé lọ tú páànù méjì kí òjò lè bá a lé ayálégbé jáde. Òmíràn á gé wáyà iná, á ti kànga pa, tàbí kó fi àgádágodo tuntun sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọmọ Poli bá lọ sílé fún ọlidé. Bó o bá bi í, á ní, "Ṣebí ilé mi ni." Ilé rẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti gbowó títí di ọjọ́ tí kóòtù bá ní kí ayálégbé kó jáde, ẹni tó ń sùn nínú yàrá ló láṣẹ lórí ilẹ̀kùn yàrá. Ní Èkó, òfin ayálégbé ọdún 2011 ti sọ irú ìwà yìí di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ìjìyà: onílé tó fipá lé ayálégbé, tó tú ilé mọ́ ọn lórí, tàbí tó ń fọ̀rọ̀ àti ìṣe dẹ́rù bà á kó lè sá jáde, lè san owó ìtanràn tó tó 250,000 náírà tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Níbi gbogbo ní Nàìjíríà, ẹni tí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ fún lè pe onílé lẹ́jọ́ kó sì gba owó gbà-máà-bínú, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó jẹ onílé lówó.

Ṣé o mọ iye ọjọ́ tó tọ́ sí ọ kí wọ́n tó lè ní kó o jáde? Òfin gbígba ilé padà tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá jogún láti ìgbà tí gbogbo wa wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní Ìbàdàn kò fi èyí sílẹ̀ sọ́wọ́ inú bíbí onílé. Ẹni tó ń sanwó lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Ẹni tó ń san lóṣù mẹ́tamẹ́ta, oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà. Bí àgírímẹ́ǹtì tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí bá dá iye ọjọ́ mìíràn, ohun tó wà nínú àgírímẹ́ǹtì ló lékè, ìdí nìyí tó fi yẹ kó o kà á tán kó o tó buwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé iye owó ilé nìkan la máa ń wò nínú rẹ̀.

Mú ìwé kúìtì kan lọ́wọ́, ìyẹn ìwé tí onílé fi ń dá ọjọ́ yìí fún ayálégbé, kó o wò ó dáadáa. Orúkọ ayálégbé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe "Ìyá Bọ́sẹ̀." Yàrá tàbí ilé tó ń gbé gbọ́dọ̀ hàn kedere. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti ọjọ́ tó yẹ kó jáde gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹni tó bá fi ìka kà á lè rí i pé iye ọjọ́ tí òfin wí pé. Ìbuwọ́lù onílé ló yẹ kó wà nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ lọ́yà tàbí éjẹ́ǹtì ló buwọ́ lù ú, onílé gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé àṣẹ lé e lọ́wọ́ kí ọjọ́ kúìtì náà tó dé. Ìwé àṣẹ tí wọ́n kọ lẹ́yìn rẹ̀ ti ba ẹjọ́ ọ̀pọ̀ onílé jẹ́ níwájú májísíréètì. Nígbà tí ọjọ́ kúìtì bá pé tí ayálégbé kò kúrò, ìwé kejì ló kàn, ìyẹn ìwé ọlọ́jọ́ méje tí onílé fi ń sọ fún un pé òun ń lọ sí kóòtù. Ẹ̀yìn ọjọ́ méje yìí ni ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìdájọ́ sì ni béílíìfù tó lè wá. Ẹni tí àgírímẹ́ǹtì rẹ̀ ní ọdún kan géérégé, tí ọdún náà sì ti pé, lè bá ara rẹ̀ nípò tí ìwé ọlọ́jọ́ méje nìkan ti tó. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká ayálégbé mọ́ ojú ọ̀nà.

Àwọn ayálégbé kan náà ti kọ́ ọgbọ́n. Wọ́n á jókòó sínú ilé onílé fún ọdún mẹ́rin láìsan kọ́bọ̀. Bí ẹjọ́ bá ti dé, lọ́yà wọn á ní kúìtì náà dín ní ọjọ́ mẹ́ta, kí adájọ́ da ẹjọ́ nù. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dáhùn ìyẹn ní oṣù Kejì ọdún 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, ẹjọ́ kan láti Èkó tó ti wà ní kóòtù láti àwọn ọdún 1990. Àwọn adájọ́ ní bí kúìtì bá tiẹ̀ ní àbùkù, ìwé ìpẹ̀jọ́ tí onílé fi gbé ayálégbé lọ sí kóòtù ti tó láti jẹ́ kó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ gbèsè kò sì gbọdọ̀ fara pa mọ́ sẹ́yìn àbùkù ìwé. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ onílé ní Ìlaròó kì í ṣe olówó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, tàbí opó tí ọkọ rẹ̀ fi yàrá mẹ́fà sílẹ̀ fún, owó yàrá wọ̀nyẹn ló sì fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ṣé o mọ̀ pé òfin owó ilé Èkó kò kọjá Èkó? Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Yewa gbọ́ lórí rédíò pé ó ti di èèwọ̀ kí onílé gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbà pé òfin náà dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé. Ohun tí Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí lóṣù Kẹjọ ọdún 2011, Èkó nìkan ló wà fún. Òfin náà ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, kò sì gbọdọ̀ gba ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tó ti ń gbé ilé tẹ́lẹ̀ tó ń san lóṣooṣù. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni pé kò kan gbogbo Èkó pàápàá: wọ́n yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà kúrò.

Ohun ìyanu tó kàn wá gan-an wà lódì kejì bọ́dà. Ní Pọbẹ̀, ní Kétu, ní Sàkẹ́tẹ́, níbi tí àwọn ìbátan wa ń gbé tí wọ́n ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú wa, òfin tí ilẹ̀ Benin ṣe ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2018 sọ pé owó ìdógò tí onílé ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbalé gbé kò gbọdọ̀ ju owó oṣù mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù tó bá parí ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Wo tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí ìyá kan bí: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní Pọbẹ̀, èkejì ní Ìlaròó. Ẹni tó wà ní Pọbẹ̀ á kówó oṣù mẹ́ta jọ, á gbalé. Ẹni tó wà ní Ìlaròó á wá owó ọdún kan, nígbà mìíràn ọdún méjì, á fi owó éjẹ́ǹtì lé e, á fi owó àgírímẹ́ǹtì lé e, á tún fi káúṣọ̀n lé e. Tí wọ́n bá pàdé lọ́jà Ọ̀jà-Ọ̀dàn, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, kò lè yé wọn ohun tó pín wọn níyà. Ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà lọ́dún 1889 ni.

Ghana ti ṣáájú gbogbo wa. Láti ọdún 1963, nígbà ayé Kwame Nkrumah, ni òfin owó ilé wọn ti ní oṣù mẹ́fà ni òpin owó àsansílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá dé Accra lónìí, owó ọdún méjì ni onílé á bi ọ́. Ilé kò tó èèyàn níbẹ̀, ẹni tí ojú ń kán á sì san ohun tí wọ́n bá ní kó san. Mo rántí Ghana nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ní òfin nìkan ló máa yanjú ọ̀rọ̀ owó ilé.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní éjẹ́ǹtì ni òfin mọ̀? Láti ọdún 1975 ni òfin àpapọ̀ kan ti wà tó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn amòye tó ń díye lé ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀; ẹni tí kò bá sí nínú ìwé wọn kò lè pe ara rẹ̀ ní irú amòye bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń mú wa káàkiri wo yàrá ní ẹ̀yìn Poli Ìlaròó tàbí lágbègbè ọgbà yunifásítì ní Ayétòrò, ọ̀kadà àti fóònù ló ní, kò ní ìwé kankan. Á gba owó wíwo ilé, á gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún, lọ́yà tí ayálégbé kò rí rí á sì gba ìdá mẹ́wàá mìíràn fún àgírímẹ́ǹtì. Lọ́dún 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí àbá òfin ayálégbé tuntun tó fẹ́ kí éjẹ́ǹtì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kó tó lè ṣiṣẹ́, kí owó rẹ̀ má sì ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún kan lọ. Mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa ní Abẹ́òkúta wo àbá yẹn fínnífínní. Ìlú tó ní Poli láti ọdún 1979, tí ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ń wọ̀ lọ́dọọdún tí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nílò rẹ̀ ju ibi tí kálukú ti mọ ara wọn lọ. Kó tó dìgbà yẹn, ohun kan wà tí ayálégbé lè ṣe lónìí: kó má ka owó ilé sọ́wọ́ éjẹ́ǹtì àfi tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí onílé, tó sì ti bi àwọn tó ń gbé ilé náà bóyá òun gan-an ni.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ọdún 18 lè dìbò yan gómìnà, ṣùgbọ́n gómìnà náà kò gbọdọ̀ fún un ní ìwé àṣẹ ilẹ̀? Òfin Lílo Ilẹ̀, tí ìjọba ológun Olusegun Obasanjo gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1978, ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 kò lè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, àfi nípasẹ̀ alágbàtọ́ tàbí bí ó bá jẹ́ ogún ló kàn án. Òfin yìí kan náà ló fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìtọ́jú gómìnà nítorí gbogbo ará ìlú. Ní ìgbèríko, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fúnni láṣẹ lórí ilẹ̀ oko, ẹyọ ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ gbà ju hẹ́kítà 500 lọ fún oko, tàbí 5,000 fún ìjẹko ẹran. Wọ́n tún so ó mọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè débi pé àtúnṣe rẹ̀ le tó àtúnṣe ìwé òfin fúnra rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹnì kan yá owó ní báńkì, ó fi ilẹ̀ dúró, kò san án, báńkì kò sì rí ilẹ̀ náà gbà? Ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo nìyẹn, ọdún 1989. Òfin 1978 ní ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ tàbí fi ilẹ̀ dúró gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Wọn kò gbà á. Nígbà tí báńkì fẹ́ ta ilẹ̀ náà, Ajilo ní ìwé ìfidúró náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nítorí gómìnà kò fọwọ́ sí i. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, bó tilẹ̀ dùn wọ́n. Látìgbà náà ni àwọn báńkì ti ń wá ìyọ̀ǹda gómìnà lójú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ilẹ̀ ní Yewa ṣì gbà pé rìsíìtì ẹbí àti ìwé sọ́feyọ̀ ti parí gbogbo rẹ̀. Ìwé wọ̀nyí dára, wọ́n sì ń ṣèrànwọ́ ní kóòtù, àmọ́ wọn kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Bó o bá sì rí "Egbado" nínú ìwé ilẹ̀ àtijọ́, má ṣe rò pé ayédèrú ni. Ọdún 1995 la tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Yewa.

Ṣé o mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà láàárín ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí nìkan tà àti èyí tí gbogbo àgbààgbà tà lẹ́yìn olórí ẹbí? Láti ọdún 1959 ni kóòtù ti fi ẹjọ́ Ekpendu àti Erika là á. Bí olórí ẹbí bá tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdí-igi mọ̀, títà náà dúró títí ẹnì kan nínú ẹbí yóò fi gba kóòtù lọ láti fagi lé e. Bó bá pẹ́ jù, kóòtù lè má gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà bá tà tí olórí ẹbí kò fọwọ́ sí i, òfo ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ rìsíìtì, bí wọ́n tiẹ̀ pọ̀ tó ogún. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ka iye àwọn tó buwọ́ lùwé, tí wọn kì í béèrè ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí nínú wọn. Olórí ẹbí náà kò sì pọn dandan kó jẹ́ ọkùnrin. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, ọdún 1908, kóòtù ti sọ pé lẹ́yìn ikú dáwódù, ọmọ tó bá dàgbà jù nínú àwọn ọmọ tó kù ló tọ́ kó di olórí, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti dá ẹjọ́ yìí, síbẹ̀ a ṣì ń rí ìpàdé ẹbí tí wọ́n ti ń ní kí àwọn ọmọbìnrin jáde kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ẹ̀yìn títà tí kò lójú yìí ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń rí ọ̀nà. Lọ́dún 2016, Gómìnà Ibikunle Amosun fọwọ́ sí òfin tó ka fífi agbára gba ilẹ̀ mọ́ ìwà ọ̀daràn ńlá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, pa pọ̀ mọ́ ìjínigbé àti ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 25. Bí ẹ̀mí bá bọ́ níbi tí wọ́n ti ń fipá gba ilẹ̀, ìdájọ́ ikú wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń béèrè owó fáńdéṣọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta lórí ilẹ̀ tó ti rà, tí wọ́n sì mú ìbọn ìṣẹ̀ǹbáyé àti àdá wá bá, ní ohun tó lè sọ ní tẹ́ṣàn ju "wọ́n ń dààmú mi" lọ. Kó dárúkọ òfin 2016.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ti dáko lórí ilẹ̀ kan fún ọgọ́ta ọdún lè má ní ẹ̀tọ́ láti ta kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè kàn lé e kúrò? Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn, Yewa sì jẹ́ ibi kan tó ti lágbára gan-an. Lẹ́yìn tí wọ́n pín ilẹ̀ Kétu sí méjì, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ ará Ọ̀họ̀rí àti Kétu sá wá síhìn-ín nítorí owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti iṣẹ́ ológun tí àwọn Faransé ń fi dandan gbọ̀n wọ́n jọ. Àwọn ìlú tó ti wà nílẹ̀ gbà wọ́n. Wọ́n fi igbó hàn wọ́n. Lọ́dọọdún, wọ́n á mú iṣu, àgbàdo, epo pupa, nígbà mìíràn owó díẹ̀, lọ sọ́dọ̀ ẹbí onílẹ̀. Kì í ṣe iye rẹ̀ ni ẹbí ń wò. Ohun tí iṣu yẹn ń sọ ni wọ́n ń gbọ́: pé ẹni tó gbé e wá ṣì mọ̀ pé òun kọ́ lòun ni ilẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, àwọn adájọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀ lé òfin ìbílẹ̀ yìí. Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè lo ilẹ̀ títí ayé, ọmọ rẹ̀ á sì bá a nídìí rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá hùwà tó tọ́. Kò gbọdọ̀ tà á. Kò gbọdọ̀ gbin kòkó, ọ̀pẹ tàbí obì láìgba àṣẹ, torí pé igi tó ń so fún ọgbọ̀n ọdún jẹ́ ìjà lọ́jọ́ iwájú. Èyí tó burú jù tó lè ṣe ni kó dìde lọ́jọ́ kan kó ní òun ni òun ni ilẹ̀. Ìyẹn ló lè mú kí kóòtù gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òfin 1978 dé, àwọn àgbẹ̀ kan ní Kwara lérò pé ó ti tú àwọn sílẹ̀, pé níwọ̀n bó ti jẹ́ pé àwọn ló ń dáko, àwọn ni ìjọba mọ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ Abioye àti Yakubu lọ́dún 1991, ó ní rárá: òfin yẹn kò pa ẹ̀tọ́ ẹbí onílẹ̀ rẹ́, kò sì sọ ayálẹ̀-dáko di onílẹ̀. Àwọn àgbà Yewa tó ń gba iṣu lọ́wọ́ ará Ọ̀họ̀rí kò gbọ́ orúkọ ẹjọ́ yìí rí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an ni kóòtù fọwọ́ sí.

Ṣé o mọ̀ pé bí ìjọba bá gba oko rẹ, kò ní san owó ilẹ̀ fún ọ? Ó yẹ kí gbogbo ará Yewa Àríwá mọ èyí sórí, nítorí ilẹ̀ wa ní òkúta ẹfun lábẹ́, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote sì ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbèsè láti ọdún 2012. Ohun tí òfin 1978 ní kí wọ́n san ni owó ilé tó wà lórí ilẹ̀, owó ohun tó o kọ́ tàbí tó o ṣe sí i, àti owó irè oko. Fún ilẹ̀ lásán, iye owó ilẹ̀ tó o san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á ni wọ́n máa dá padà, ẹni mélòó nínú àwọn àgbẹ̀ wa ló sì ń san irú owó bẹ́ẹ̀? Torí náà, igi ni wọ́n ń kà. Ọ̀pẹ, kòkó, ọsàn, káṣú, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igi ẹ̀gẹ́ tó o gbìn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá kà wúlò ju éékà méjì tó o fi sílẹ̀ kó lè sinmi lọ. Àgbẹ̀ tó bá mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lóko lọ́jọ́ ìkàyé, kó mú ọmọ tó mọ̀wé dání, kó kọ iye tí wọ́n kà sílẹ̀, kó sì gba ẹ̀dà ìwé náà kí wọ́n tó kúrò. Òfin kan náà dí ọ̀nà kóòtù mọ́ ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lórí iye owó náà. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ tí gómìnà yàn ló ń gbọ́ irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Mo ka èyí sí àìdáa tó wúwo jù nínú gbogbo òfin tí mo ti dárúkọ níbí. Ilẹ̀ tí ẹbí ti ń jẹ láti ìgbà Ọ̀yọ́ kò yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú òfo nínú ìṣirò ìjọba nítorí pé kò sí igi lórí rẹ̀. Ìjẹ̀bú kan, Ẹlẹ́sí Odògbólú, ti sọ fún ìgbìmọ̀ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lọ́dún 1912 pé àwọn òkú, àwọn alààyè àti àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ló jọ ni ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé òfin káàkiri Áfíríkà títí dòní, àmọ́ kò sí àyè fún ọmọ tí a kò tíì bí nínú ìwé tí wọ́n fi ń ka ọ̀pẹ.

Ṣé o mọ̀ pé láti oṣù Kìíní ọdún 2026, owó ilé tó ò ń san lè dín owó orí rẹ kù? Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà ọdún 2025 gbà kí òṣìṣẹ́ yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó san lọ́dún kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé, kó má ṣáà ju 500,000 náírà lọ. Tíṣà tó san 300,000 náírà fún yàrá méjì àti pálọ̀ ní Ayétòrò lè yọ 60,000 kúrò. Ẹni tí owó tó kù fún ìṣirò kò bá ju 800,000 lọ lọ́dún kò ní san owó orí rárá. Ẹni tó bá fẹ́ jàǹfààní èyí gbọ́dọ̀ sọ iye tó san gan-an, kó sì lè fi hàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn onílé wa tí wọn kì í fẹ́ kọ rìsíìtì, tí wọ́n á ní, "Ṣé o kò fọkàn tán mi ni?" Béèrè rìsíìtì náà. Kí orúkọ rẹ wà níbẹ̀, kí iye owó wà níbẹ̀, kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tó parí wà níbẹ̀, kí onílé sì buwọ́ lù ú. Bó bá kọ̀, san owó náà gba báńkì, kó o kọ "owó ilé" àti ọdún tó o san án fún síbi tí wọ́n ń kọ ìdí ìsanwó sí. Ìwé báńkì yẹn á wúlò lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí, á sì wúlò níwájú májísíréètì bí onílé bá sọ lọ́jọ́ kan pé o jẹ òun lówó.